Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ṣọ́ọ̀bù

Ọkọ mi lè tú fóònù sí wẹ́wẹ́, kó sì tò ó padà láìku nọ́ọ̀tì kan sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé ta ló ni fóònù náà, yóò gbójú sókè, yóò máa wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lọ́dún tí mo wọlé rẹ̀, ó gbé fóònù ìyá oníbúrẹ́dì fún ọlọ́kadà kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọlọ́kadà náà fi lò ó kó tó yé e pé búrẹ́dì ni gbogbo ẹni tó ń pe òun ń béèrè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, mo fa ìlà sí i, mo sì sọ ara mi di akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ, ní Ayétòrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó padà gbé ìwé náà lọ sí kóòtù.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà níwájú ilé àwọn bàbá ọkọ mi ní Ìlaròó, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń gbà. Oríṣi oníbàárà méjì la ní. Àwọn kan jẹ́ àlejò: akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tó ń gbé fóònù tó ń sọ Faransé wá láti apá Ìdí-Ìrókò, kí ọkọ mi lè bá wọn yí i padà. Àwọn yòókù jẹ́ ará ilé, àwọn yẹn kì í sì í tán. Bí àlejò bá dé, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ará ilé, mi ò lè kọ orúkọ. Ìyàwó ni mí. Gbogbo ẹni tí mo bá nínú ilé yẹn, ọkọ mi ni wọ́n, àtọkùnrin àtobìnrin, títí dórí ọmọ tí wọ́n bí kí n tó dé. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi dáadáa kí n tó kúrò nílé: má fẹnu rẹ pe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, wá orúkọ tìrẹ fún oníkálukú, kó ṣáà ti dùn létí.

Mo sọ wọ́n lórúkọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí eyín rẹ̀ funfun gan-an, Eyínfúnjowó ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí mo dé, mo pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti bímọ méjì lẹ́yìn ìgbà náà, àga ṣọ́ọ̀bù wa kan ò sì dúró dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tó ti jókòó lé e, síbẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni mò ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó máa ń gbé fóònù ìyá rẹ̀ wá, tí yóò wá káwọ́ sẹ́yìn, tí yóò máa yẹ ṣọ́ọ̀bù wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. Òun ni Ọ̀gá Àgbà.

Ó ku àbúrò bàbá ọkọ mi. Níwájú rẹ̀, Bàbá wa ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná, láàárín àwa ìyàwó ilé, a ní orúkọ mìíràn fún un. Kò sí ìpàdé ẹbí tí bàbá yìí kì í wá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló máa ń jókòó sórí àga tó rọ̀ jù, bí wọ́n bá sì ṣe ń ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti sùn. Bí wọ́n bá ń parí, á lajú, á ní, “Mo fara mọ́ ọn.” Asùn-nípàdé là ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kánjú, ọwọ́ mi kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan nígbà tí wọ́n wá mú bàbá rẹ̀. Òwúrọ̀ ni, mò ń fún un ní ògì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá àwọn oní-gbájúẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kiri láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n rí lápútọ́ọ̀pù tó tò lórí pẹpẹ, wọ́n ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú kan tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni wọ́n bá ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá sójà òyìnbó ti fi kọ lẹ́tà ìfẹ́ lóríṣiríṣi sí ìyá àgbàlagbà kan lókè òkun, ó sì ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo lẹ́tà náà.

Wọ́n kó lápútọ́ọ̀pù, wọ́n kó ọkọ mi, wọ́n sì mú ìwé mi. Ọ̀kan nínú wọn dúró ṣí i níbẹ̀.

“Ta ni Ọ̀gá Àgbà?”

Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo àjà.

“Eyínfúnjowó ńkọ́? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Níbo lẹ ti ń pàdé?”

“Ìyàwó mi ló mọ̀ wọ́n,” ni ọkọ mi wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìgbà tó yàn láti sọ òótọ́.

Nígbà tí wọ́n máa fi ka ẹ̀sùn sí i létí ní Abẹ́òkúta, ẹ̀sùn náà ti di méjì. Àkọ́kọ́ ni pé lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń lu jìbìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé ó ń pín irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn oní-gbájúẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìbòjú, àti pé orúkọ wọn ló wà nínú ìwé tí wọ́n gbà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ wà nídìí méjèèjì. Mo gbé ọmọ sẹ́yìn, mo ń wo ìwé tí èmi fúnra mi fi rúlà fa ìlà sí. Wọ́n ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí i, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, “Ṣé o yọ irin tí mo fi ń jó wáyà kúrò nínú iná?”

Mo ní, “Mo yọ ọ́. Ṣé irin lo ń bi mí?”

Ó wò mí. “Ojú ẹ ti rù.”

“Tìẹ náà rù.”

Ohun tá a sọ nípa ìfẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Lọ́yà wa jẹ́ obìnrin kan tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìlaròó, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń kù lábẹ́ wa bá a ti ń sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ọkọ mi kò lè kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn láéláé. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń kọ sí mi hàn án. “Ra iyọ̀ bọ̀.” “Ọmọ ti jí.” “Ta ló gbé tọ́ọ̀ṣì mi?” Èyí tó gùn jù nínú wọn ni èyí tó fi ń ṣàlàyé ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ tọ́jú ẹ̀, àǹtí, ṣùgbọ́n adájọ́ ò ní dá èèyàn sílẹ̀ torí pé kò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ.” Ó na ẹ̀dà ojú ìwé kan sí mi. “Ẹni tó gbé lápútọ́ọ̀pù dúdú yẹn wá ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kà á fún mi.”

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, ó mọ́ tónítóní: Asùn-nípàdé, lápútọ́ọ̀pù dúdú, kò tàn.

“Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an?”

Ẹnu mi kò là. Mo ní àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Mo ní ayálégbé rẹ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́, ló fi lé e lọ́wọ́ kó bá òun gbé e wá, tí ọmọ náà sì kó jáde kò tíì padà wá gbà á. Lọ́yà tún béèrè orúkọ. Mo wolẹ̀.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀wọ̀n là ń sọ o.”

“Mo mọ̀, mà. Ẹ fún mi ní bírò.”

Mo kọ ọ́ fún un. Ó wo ìwé, ó wo èmi, ó wá rọra sọ fún mi pé òun náà ní ìyá ọkọ nílé.

Òun ló ní kí gbogbo ẹbí péjọ, kí òun ka ìwé náà sí wọn létí, kí oníkálukú jẹ́wọ́ orúkọ tirẹ̀, torí wọ́n máa wá sọ ọ́ ní kóòtù. A péjọ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan nínú pálọ̀ ńlá. Nígbà tó pe Eyínfúnjowó, ẹni tó ni í rẹ́rìn-ín, kò wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbìyànjú láti dìde, àga bá a dìde.

Lọ́yà ní, “Ẹ̀yin ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mà?”

Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wa kì í parọ́.”

Nígbà tó kan Ọ̀gá Àgbà, tí ọmọ kékeré yẹn gbọ́ pé òun ni ìjọba ń wá gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́, ó bi lọ́yà bóyá òun lè wọ bàtà ọdún òun lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yẹn.

Lọ́yà bá ṣí ojú ìwé kan. “Asùn-nípàdé.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo ti gbójú lé e pé bàbá á ti sùn. Àdúrà tí mo gbà láti àárọ̀ ni. Ṣùgbọ́n torí pé lọ́yà jẹ́ àlejò, torí pé ọ̀rọ̀ náà le, ọjọ́ yẹn ni bàbá yàn láti lajú sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó, ìyẹn ló sì jẹ́ kó mọ̀. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí itan, ó fi dé orí, ó rìn jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọmọ lọ sílé rẹ̀. Ó wà níwájú ilé, ó ń sá gbàgúdà sórí àpò. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá wa.”

“Ta ni Bàbá wa? Mo ti mọ orúkọ mi báyìí.”

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má bínú.”

“Èmi ò sùn rí nínú ìpàdé. Mo máa ń pa ojú dé ni, kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Sọ ọjọ́ kan pàtó tí o rí mi tí mo sùn.”

Ó yẹ kí n dákẹ́. “Ọjọ́ tí wọ́n ń jíròrò ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí, sà. Wọ́n ní kí ẹ mú orúkọ kan wá. Ẹ ní ẹ fara mọ́ ọn.”

Ó yíjú sí gbàgúdà rẹ̀, èjìká rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ìyàwó, kì í ṣe orúkọ nìkan. Tí mo bá dúró níwájú adájọ́ tí mo sọ pé èmi ni mo gbé nǹkan yẹn wá, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n mú èmi náà? Ní ọjọ́ orí mi yìí?”

Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba èmi náà, pé ọwọ́ mi ló kọ ohun tí wọ́n fi ti ọkọ mi mọ́lé, pé n kì í lè jẹun dáadáa mọ́, omi ọyàn mi sì ń dín kù. Mo sọ fún un pé lọ́yà ní bó bá lè rí ìwé àdéhùn tí ayálégbé rẹ̀ fi gba yàrá, èyí tí fọ́tò wà lára rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi mú un. Ọmọ mi na ọwọ́ mú gbàgúdà kan, ó fi sẹ́nu. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Lọ fún un lọ́mú,” ló wí. Ó wọlé lọ.

Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun kò ní wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé àìmọ̀ yẹn kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa lọ, bọ́ọ̀sì tí ẹbí háyà dúró níwájú ilé. Nígbà tí mo máa fi so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn dé ibẹ̀, bàbá ti wà níjòókòó iwájú, ó gbé agolo bísíkíìtì kan lé itan, ọwọ́ méjèèjì lórí rẹ̀. Ìwé àdéhùn wà nínú rẹ̀. Mo kí i, ó mi orí.

Láti Ìlaròó dé Papalantó, láti Papalantó dé Abẹ́òkúta, pẹ̀lú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn, bàbá kò fẹ̀yìn ti àga. Ojú rẹ̀ là kedere. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń yán. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń hanrun. Bàbá sì ń yíjú padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí, kí n lè rí i dájú pé kò sùn.

Èmi ni lọ́yà kọ́kọ́ pè. Mo ṣàlàyé bá a ṣe ń kọ ìwé náà. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ fún adájọ́; nígbà tó dé orí Asùn-nípàdé, ó dúró, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Agbẹjọ́rò ìjọba wá dìde, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó ní kí n fẹnu mi sọ orúkọ Asùn-nípàdé gan-an fún kóòtù.

“Mi ò lè pè é, sà. Mo lè kọ ọ́.”

“Bẹ́ ẹ bá lè kọ ọ́, kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀?”

“Torí èmi náà ni mo máa ń kà á sókè fún ọkọ mi, sà. Òun kì í rántí ẹni tó ni nǹkan.”

Mo wo ibi tí ọkọ mi jókòó sí. Ó ń wo àjà kóòtù. Mo rí i tí adájọ́ náà gbójú wo àjà, tó wo ọkọ mi, tó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Eyínfúnjowó jẹ́rìí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́rìí. Ọ̀gá Àgbà, nínú bàtà ọdún rẹ̀, sọ pé fóònù ìyá òun kì í gba ṣájì dáadáa. Wọ́n wá ní kí òṣìṣẹ́ kóòtù pe bàbá wọlé, torí ẹlẹ́rìí kì í jókòó sínú kóòtù kó tó jẹ́rìí. Ìta ló wà láti òwúrọ̀. A gbọ́ tó pe orúkọ rẹ̀. A gbọ́ tó tún un pè. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì rò pé bàbá ti padà sílé. Òṣìṣẹ́ náà wọlé padà.

“Olúwa mi, bàbá náà wà níbẹ̀. Ó ń sùn ni.”

Nínú ìjókòó ẹbí wa, kò sẹ́ni tó lè wo ẹnìkejì rẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n rọra jí i.

Bàbá wọlé, ó gbé agolo rẹ̀, àmì igi bẹ́ńṣì ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa ju gbogbo wa lọ. Ó ní òun ló gbé lápútọ́ọ̀pù wá. Ó mú ìwé àdéhùn jáde, fọ́tò ọmọ náà lára rẹ̀, orúkọ ọmọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́yà ní kí wọ́n fi wé orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nínú lápútọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀kan náà ni.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní báwo ni kóòtù ṣe máa mọ̀ pé bàbá ni Asùn-nípàdé lóòótọ́, pé kì í ṣe pé wọ́n wá fi orúkọ náà kọ́ ọ lọ́rùn lónìí.

Adájọ́ ni kò jẹ́ kí bàbá dáhùn. Ó ní kóòtù ti rí ìyẹn fúnra rẹ̀, kí agbẹjọ́rò tẹ̀ síwájú.

A tún lọ lẹ́ẹ̀mejì kí ìdájọ́ tó jáde. Wọ́n ní ọkọ mi kò jẹ̀bi ẹ̀sùn méjèèjì. Ọjọ́ tó dé, ọmọ tó fi sílẹ̀ níjòókòó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ bá a, ó ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù lọ wo irin ìjówáyà rẹ̀ bóyá mo yọ ọ́ lóòótọ́. Mo yọ ọ́.

Ìwé náà ò tíì padà láti kóòtù, mo ti ra òmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé nǹkan wá lẹ́yìn tá a ṣí ṣọ́ọ̀bù ni bàbá. Fóònù rẹ̀ ni, ojú fóònù náà ti fọ́. Mo fa ìlà, mo kọ ọ́. Ó mú awò ojú rẹ̀ jáde, ó sún mọ́ mi.

“Kí lo kọ yẹn?”

“Bàbá wa ni, sà.”

“Pa á rẹ́. Kóòtù ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tún dé, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́rìí?”

Mo pa á rẹ́. Mo kọ Asùn-nípàdé. Ó fi ìka tọ ọ́, ó kà á jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì fi ìka kan àyè tó ṣófo níwájú rẹ̀.

“Fi Bàbá síbí,” ló wí. “Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?”